Sísanra, ìsanrajù, àti nọ́ńbà tí nọ́ọ̀sì kọ sínú ìwé

Ní Òṣogbo, bí wọ́n bá ti ṣe ayẹ̀wò ọ̀fẹ́ níwájú mọ́ṣáláṣí tàbí nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, àríyànjiyàn ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n á yẹ ìfúnpá wò, wọ́n á gbé èèyàn sórí ìwọ̀n, wọ́n á wọn gíga rẹ̀, wọ́n á wá kọ nọ́ńbà kan sínú ìwé pélébé: 27, 31, 36. Ìyá tó gba 31 á ní kò sí àìsàn kankan lára òun, òun tó ń nàró tajà lọ́jà Ìgbọ̀nà láti àárọ̀ dalẹ́. Ọmọ rẹ̀ á fi fóònù hàn án pé àìsàn ni wọ́n pè é. Ẹlòmíì á dá sí i pé àwọn òyìnbó fúnra wọn ti ní nọ́ńbà yẹn ò ṣeé gbára lé mọ́. Ẹnìkan á sì bèèrè iye tí wọ́n ń ta abẹ́rẹ́ tó ń mú ọ̀rá yọ́.

Gbogbo wọn ló di apá kan òótọ́ mú. Ẹ jẹ́ ká tò ó pọ̀.

## Kí ni nọ́ńbà yẹn ń wí?

Ara gbogbo èèyàn ló ní ọ̀rá, ó sì gbọ́dọ̀ ní in. Ọ̀rá ló ń tọ́jú agbára tí a kò tíì lò, nǹkan oṣù obìnrin pàápàá kì í lọ déédéé bí ọ̀rá rẹ̀ bá kéré jù. Ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ìsanrajù ni kí ọ̀rá pọ̀ lára débi pé ó lè pa ara lára. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó jókòó lábẹ́ kánópì kò lè ṣí ikùn èèyàn wò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní BMI.

Ìṣirò náà kò le. Mú ìwọ̀n rẹ ní kílò, fi gíga rẹ ní mítà pín in, kí o sì tún fi gíga kan náà pín èsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Obìnrin tó ga ní mítà 1.60, tó wọn kílò 85: fi 1.60 pín 85, ó di 53.1, tún fi 1.60 pín ìyẹn, ó di 33.2. Láti 18.5 dé 24.9, wọ́n ní ìwọ̀n onítọ̀hún ṣe déédéé. Láti 25 dé 29.9, ó ti sanra kọjá bó ṣe yẹ. Bó bá ti di 30 sókè, ìsanrajù nìyẹn. Fún àgbàlagbà ni o. Ti àwọn ọmọdé ní ọ̀nà ìṣirò tirẹ̀.

## Ṣé nọ́ńbà yẹn tó gbé ìdájọ́ lé?

Kò tó. Adolphe Quetelet, ará Bẹ́ljíọ̀mù tó kọ́kọ́ ronú ìṣirò náà ní àwọn ọdún 1830, kì í ṣe dókítà. Onímọ̀ ìṣirò àti ìràwọ̀ ni, ohun tó ń wá ni bí ọ̀pọ̀ èèyàn láwùjọ ṣe rí. Ọdún 1972 ni Ancel Keys ní Amẹ́ríkà tó sọ ọ́ ní BMI, gbogbo ayé sì gbà á torí kò náni lówó. Bí ìjọba bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ará ìlú kan ń sanra sí i, ó wúlò gan-an. Lórí ẹnì kan ṣoṣo, ó lè ṣini lọ́nà. Gíga àti ìwọ̀n nìkan ló mọ̀, kò mọ̀ bóyá ọ̀rá ló wúwo tàbí iṣan. Géńdé tó ń fi orí ru búlọ́ọ̀kù lójoojúmọ́ lè ní 28 kí ikùn rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ.

Èyí tó burú jù ni pé kò mọ ibi tí ọ̀rá náà wà. Ọ̀rá ìdí àti itan kì í fa wàhálà tó ọ̀rá inú ikùn, ìyẹn èyí tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ dókítà ṣe ń sọ báyìí pé ká wọn bí ikùn ṣe tóbi yíká mọ́ ọn. Ìlànà kan tó rọrùn láti rántí ni pé kí ikùn má ju ìdajì gíga lọ. Ẹni tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 160, kí ikùn rẹ̀ má kọjá 80.

O ò tiẹ̀ nílò tépù télọ̀. Mú okùn, fi wọn ara rẹ láti àtàrí dé gìgísẹ̀, gé e, ṣẹ́ ẹ po sí méjì. Fi okùn tí o ṣẹ́ po náà yí ikùn rẹ ká, láàárín ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìbàdí, kí o rọra mí síta, má fa ikùn wọlé. (Àwa ọkùnrin, ẹ gbọ́ o: kì í ṣe ibi tí bẹ́líìtì ń wà lábẹ́ ikùn ni.) Bí ẹnu okùn méjèèjì bá pàdé, ó dára. Bí wọn kò bá pàdé, ọ̀rá inú ikùn ti pọ̀, kódà bí BMI rẹ bá jẹ́ 24.

## Àìsàn ni, àbí kì í ṣe àìsàn?

Ibí ni ariwo ti pọ̀ jù. Lọ́dún 2013, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Amẹ́ríkà fẹnu kò pé àìsàn ni ìsanrajù. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, náà ń pè é ní àìsàn ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Àwọn kan yarí: báwo lẹ ṣe máa pe ẹni tí kò rojọ́ kankan ní aláìsàn?

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àwọn onímọ̀ tó ju 50 lọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀, tí Francesco Rubino ti King's College London ṣíwájú wọn, gbé àbá kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet Diabetes & Endocrinology. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ká pín in sí méjì. Bí ọ̀rá bá ti pọ̀ jù, tó sì ti ń dí ẹ̀yà ara kan lọ́wọ́ iṣẹ́ rẹ̀, bí ọkàn, ẹ̀dọ̀, mímí tàbí orúnkún, tàbí tí onítọ̀hún kò lè wẹ̀ kó sì wọṣọ fúnra rẹ̀ bó ṣe yẹ, àìsàn nìyẹn, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ bí àìsàn. Bí ọ̀rá bá pọ̀ ṣùgbọ́n tí gbogbo ẹ̀yà ara ṣì ń ṣiṣẹ́ wọn, ewu ló wà níwájú, àìsàn kò tíì dé. Wọ́n tún ní kí dókítà má ṣe gbé ọ̀rọ̀ ka BMI nìkan, kó wọn ikùn mọ́ ọn, àfi bí BMI bá ti ju 40 lọ.

Tiwọn ni mo bá lọ. Ìyá tó gba 31 yẹn lè jàre lónìí, nọ́ọ̀sì tó ní kó wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà sì jàre.

## Àwọn mélòó lọ̀rọ̀ kàn?

Lọ́dún 2022, ẹnì kan nínú ẹni mẹ́jọ láyé ló wà nínú ìsanrajù. Láàárín àwọn àgbàlagbà, iye wọn ti ju ìlọ́po méjì ti ọdún 1990 lọ. Láàárín àwọn ọmọdé tó ti ń lọ sílé ìwé àti ọ̀dọ́, ó ti di ìlọ́po mẹ́rin.

Nílẹ̀ wa, ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń ṣe láti ilé dé ilé fi hàn pé lọ́dún 2008, obìnrin 22 nínú 100, láti ọmọ ọdún 15 sí 49, ló sanra ju bó ṣe yẹ tàbí tó wà nínú ìsanrajù. Ní 2018, wọ́n ti di 28. Nínú ìwádìí 2018 yẹn kan náà, obìnrin 12 nínú 100 ló rù jù. Ìyẹn ni pé ebi àti ìsanrajù jọ ń gbé ládùúgbò kan ni, nígbà mìíràn nínú ilé kan ṣoṣo. Àwọn tó ń gbé ìgboro àti àwọn tó rí jájẹ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó sanra níbí. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, àwọn tálákà ló sábà máa ń kàn jù, torí oúnjẹ ilé iṣẹ́ ló pọ́ọ́kú fún wọn.

## Ṣé wọ̀bìà ló ń fà á?

Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn rò pé àwọn ti mọ ìdáhùn rẹ̀ nìyí. "Kó pa ẹnu mọ́, á fọn." Òótọ́ ni pé kò sí ọ̀rá tó ti afẹ́fẹ́ wá, oúnjẹ tó ju èyí tí ara lò lọ ló ń di ọ̀rá. Ohun tí ìwádìí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn wá ń sọ ni ìdí tí ẹnì kan fi ń jẹun jù láì mọ̀, tí ẹlòmíì á sì jẹun díẹ̀ tí kò ní wu ú mọ́.

Ẹ fojú inú wo ìyá àgbà kan tó ti rí ìyàn rí, tí kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí gàrí bá ń pọ̀ sí i nínú àpò, kò ní sọ̀rọ̀. Bó bá ti rí i pé ó ń lọ sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi agolo kékeré wọn án fún ará ilé, á sì máa lé àwọn ọmọ jáde pé kí wọ́n lọ wá òmíràn wá. Kò kàn án bí àpò mẹ́ta bá ṣì kù nílẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé ó dín ju ti àná lọ.

Ọpọlọ wa ni ìyá yẹn. Lọ́dún 1994, Jeffrey Friedman àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Rockefeller University nílùú New York rí ohun kan tí ọ̀rá fúnra rẹ̀ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n sọ ní leptin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ròyìn fún ọpọlọ bí ọ̀rá ṣe kù sí nílẹ̀. Bí èèyàn bá dín kílò mẹ́wàá kù, leptin rẹ̀ á lọ sílẹ̀, ọpọlọ á gbà pé ìyàn dé: á fi ebi pa á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á sì dín agbára tí ara ń ná kù.

Wọ́n rí i kedere lára àwọn ará Amẹ́ríkà 14 tí wọ́n ti kópa nínú ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n kan níbi tí wọ́n ti ń díje lórí ta ló máa fọn jù. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni kò sanra padà nínú wọn. Èyí tó ya àwọn oníwádìí lẹ́nu ni pé ara wọn ṣì ń fún agbára mọ́wọ́, ó ń jó nǹkan bíi kálórì 500 kéré sí ohun tó yẹ lójúmọ́. Ẹ wá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kò ní ìkóra-ẹni-níjàánu.

Àjogúnbá náà wà ńbẹ̀. Àwa tí a mọ ìbejì dáadáa yóò nífẹ̀ẹ́ sí èyí: ní Sweden, wọ́n wá àwọn ìbejì tó jọra bí imumu tí wọ́n tọ́ ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti kékeré. Nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 1990, ìwọ̀n ara àwọn ìbejì wọ̀nyí fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra tó ti àwọn tí wọ́n jọ dàgbà pọ̀. Bí òbí méjèèjì bá tóbi, ọmọ wọn ń bá nǹkan jìjàkadì tí ọmọ aládùúgbò kò mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìdílé kì í yí padà láàárín ọgbọ̀n ọdún. Kí ló wá yí padà? Oúnjẹ ni. Kevin Hall, oníwádìí kan ní Amẹ́ríkà, mú èèyàn 20 wọ ọgbà ìwádìí, ó sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 2019. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi jẹ oúnjẹ tí ilé iṣẹ́ ti pò pọ̀ tí wọ́n di sínú náílọ́ọ̀nù àti agolo, ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn ni wọ́n fi jẹ oúnjẹ tí wọ́n sè láti orí nǹkan gidi. Ṣúgà, ọ̀rá àti iyọ̀ tí wọ́n gbé síwájú wọn bára mu, kí olúkúlùkù jẹ ìwọ̀n tó bá wù ú. Nígbà tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ ilé iṣẹ́, wọ́n ń jẹ nǹkan bíi kálórì 500 ju ti èkejì lọ lójoojúmọ́, wọ́n sì fi nǹkan bíi kílò kan lé sí i. Kò sẹ́ni tó fi tipá bọ́ wọn.

Ìwádìí kan tún wà tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Wọ́n fi àwọn obìnrin ní abúlé méjì nílẹ̀ Nàìjíríà wé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní agbègbè Chicago. Tiwa wọn kílò 58 ní ìpíndọ́gba, tọ̀hún wọn bíi 83. Gbogbo ayé rò pé oko àti omi pípọn ló jẹ́ kí tiwa fúyẹ́. Nígbà tí wọ́n wọn agbára tí wọ́n ń fi ìrìn àti iṣẹ́ jó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ohun tó wà nínú abọ́ ni àwọn oníwádìí náà nawọ́ sí.

Wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá àmàlà lẹ́bi níbí. Bí òkèlè bá ga bí Òkè Báálẹ̀ nínú abọ́, ó ní ẹjọ́ í jẹ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn baba wa jẹ ẹ́. Àwọn àlejò ni mínírà tí wọ́n ń fi gbogbo òkèlè ọ̀hún sọ̀, gàlà inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ọláìyá, núdù tó ti di oúnjẹ àárọ̀ ọmọ, àti bísíkíìtì tó ń wọ báàgì iléèwé lójoojúmọ́.

Àwọn ohun mìíràn kò ti ẹnu wọlé rárá. Lẹ́yìn ogun Biafra, àwọn oníwádìí padà lọ sí Enugu, wọ́n yẹ àwọn 1,339 tó ti tó ẹni ogójì ọdún wò. Àwọn tí ìyàn ogun bá nínú oyún tàbí ní ọmọ ọwọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà tó ga àti sísanra pọ̀ lára wọn ju àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun lọ. Ó jọ pé ara tó fi ebi pàdé ayé kì í gbàgbé.

Oògùn náà ń fà á, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ síbí, torí ọwọ́ ara wa la fi ń ṣe èyí. Títí dòní, bí èèyàn bá rù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bíi pé ó ní àrùn kan tàbí pé ìyà ń jẹ ẹ́. "O ti sanra o!" ni ìkíni. Nítorí èyí, àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń lọ sí kẹ́místì lọ ra dexamethasone, tàbí omi oògùn Apetamin, kí ìdí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè yọ. Dexamethasone ń kó ọ̀rá sí ojú àti ikùn, ó ń gbé ìfúnpá àti ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè, ẹni tó bá ti lò ó pẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ já a lójijì láì bá dókítà sọ̀rọ̀. Apetamin ní èròjà kan tó ń mú ebi pani, tó sì ń kunni lóorun.

## Kí ló ń ṣe nínú ara?

Bí àyè ìtọ́jú ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ bá ti kún, ọ̀rá á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀: ẹ̀dọ̀, iṣan, àyíká ọkàn. Insulin, ohun tí ara ń ṣe láti máa darí ṣúgà wọ inú iṣan, kò ní ríṣẹ́ ṣe bó ṣe yẹ mọ́, ara á máa ṣe púpọ̀ sí i títí á fi rẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà tí àtọ̀gbẹ ń gbà wọlé nìyẹn. Ìfúnpá á gòkè, ewu àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ á pọ̀ sí i.

Ìlú Ìgbò-Ọrà ní Ìbàràpá wà nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1997, tó tẹ̀lé àwọn aláwọ̀ dúdú láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà dé òdì kejì òkun. Nínú 100, ẹni 16 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́dọ̀ wa, 26 ní àwọn erékùṣù Caribbean, 33 ní Amẹ́ríkà. Bí ìwọ̀n ara wọn ṣe ń gòkè ni ti ẹ̀jẹ̀ ríru ń gòkè. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Yàtọ̀ sí èyí, orúnkún á máa dunni; ẹni tó ń hanrun á máa dá èémí dúró lójú oorun láì mọ̀; ọmọ lè pẹ́ kó tó dé, oyún sì lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wá. Lọ́dún 2016, ẹ̀ka WHO tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ so ìsanrajù mọ́ oríṣi jẹjẹrẹ 13, ti ọmú lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró wà nínú wọn, àti ti ilé ọmọ, ẹ̀dọ̀ àti ìfun ńlá.

## Abẹ́rẹ́ yẹn ńkọ́?

Semaglutide ni orúkọ oògùn náà. Ozempic ni èyí tí wọ́n ṣe fún àtọ̀gbẹ, Wegovy ni èyí tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún ìsanrajù lọ́dún 2021. Ó ń ṣe bí ohun kan tí ìfun wa ń tú jáde lẹ́yìn oúnjẹ láti sọ fún ọpọlọ pé a ti yó. Nínú ìwádìí tó gbé e lárugẹ, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà fún ọ̀sẹ̀ 68 pàdánù nǹkan bí 15 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn. Ìyẹn kílò 15 fún ẹni tó wọn 100. Ó ṣiṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n dá a dúró, ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n pàdánù ti padà. Oògùn tí èèyàn máa ń lò pẹ́ ni, bíi ti ìfúnpá, kì í ṣe ti oṣù kan ṣáájú ìgbéyàwó. Èébì àti inú rírun wọ́pọ̀ níbẹ̀rẹ̀, owó rẹ̀ sì pọ̀.

Ayédèrú rẹ̀ náà wà lóde; WHO kéde ìkìlọ̀ lórí ayédèrú Ozempic ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Èyí tí wọ́n ń tà lórí WhatsApp láì sí ìwé dókítà, láì sí fíríìjì, èmi ò ní fi ọwọ́ kàn án.

## Kí lèèyàn lè ṣe láì ní owó abẹ́rẹ́?

Àwọn èèyàn rò pé bí kílò 30 kò bá lọ, asán ni. Ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2002, sọ ohun mìíràn. Wọ́n ní kí àwọn tí ṣúgà wọn ti ń gòkè dín 7 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn kù, kí wọ́n sì máa rìn ní kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ewu àtọ̀gbẹ wọn fi 58 nínú 100 dín kù sí ti àwọn tí kò ṣe é. Fún obìnrin kílò 85 tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan, kílò mẹ́fà péré nìyẹn. Ìṣẹ́jú 150 jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ márùn-ún. Ẹni tó ń wọ kórópe láti Ọláìyá lọ sí Òkè-Fìà lójoojúmọ́ lè fẹsẹ̀ rìn ín. Omi dípò mínírà, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà púpọ̀ sí i, òkèlè kékeré sí i. Mi ò sọ pé kí wọ́n kó iyán tì.

Bí okùn yẹn kò bá pàdé níwájú ikùn, tàbí bí BMI bá ti di 30, àyẹ̀wò tó yẹ kéèyàn bèèrè ní ilé ìwòsàn ni ìfúnpá, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Kó tún sọ fún dókítà bó bá ń hanrun tàbí tí oorun ń kùn ún lọ́sàn-án. Ẹni tó ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀, tó wá fẹ́ dín oúnjẹ kù tàbí gba ààwẹ̀ nítorí ìwọ̀n ara, kó kọ́kọ́ rí ẹni tó kọ oògùn náà fún un, torí òṣùwọ̀n oògùn tó ń bá oúnjẹ àná mu lè já ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.